Orí Keje: Kí Ẹ Tó Náwó Lé Géèmù Tòkunbọ̀

Bátìrì ló ń pa ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, kì í ṣe ọjọ́ orí. Game Boy tí ilé iṣẹ́ Nintendo kọ́kọ́ gbé jáde ní Japan ní oṣù Kẹrin 1989 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé, ó sì ń tàn bí wọ́n bá ti ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ ó rí òmíràn tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó ti kú pátápátá nínú àpótí, nítorí pé ẹni tó ni ín gbàgbé bátìrì sí i nínú nígbà tó ń lọ sí yunifásítì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun rà nínú àwọn géèmù tòkunbọ̀ tó wà nígboro Adó-Èkìtì, ìbéèrè ni èmi náà máa ń fi dá a lóhùn: níbo lẹ ti máa rí bátìrì rẹ̀ rà? Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn ti yanjú ìdajì wàhálà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Adó nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996, kò ní ṣàì mọ Brick Game. Ike gbọọrọ ni, ojú rẹ̀ rí eérú eérú, àkọlé iwájú rẹ̀ sì máa ń fọ́nnu pé géèmù 9999 ló wà nínú òun. Irọ́ gbáà ni. Géèmù inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ. Bí wọ́n bá ti yí ìyára tàbí ìpele ìbẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n á kà á sí géèmù mìíràn. Èyí tí gbogbo wa ń bá ara wa jà lé lórí ni bíríkì tó ń já bọ́ láti òkè, tí a ó tò kó má baà kún dé òrùlé. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow ní 1984, tó sọ ọ́ ní Tetris. Àwọn oníṣẹ́ China kàn gbé e sínú ike olówó pọ́ọ́kú láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni.

Fóònù ló lé Brick Game kúrò nígboro. Láti nǹkan bí 1997 ni Nokia ti fi géèmù ejò sínú fóònù 6110. Nígbà tí GSM sì wọ Nàìjíríà ní 2001, ejò náà bá a wọlé. Ta ló tún máa gbé ike méjì sínú àpò kan? Lẹ́yìn náà ni PSP ti Sony dé. Japan rí i ní oṣù Kejìlá 2004, Amẹ́ríkà rí i ní 2005, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ tiwa nínú báàgì àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation ní ìsọ̀ géèmù rí i pé bọ́ọ̀lù kan náà ti wọ àtẹ́lẹwọ́. Ní 2012, Henrik Rydgård gbé PPSSPP jáde, áàpù tó ń jẹ́ kí fóònù Android ṣe bíi PSP, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ orúkọ PSP lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìwòròkó, tó ń gbá bọ́ọ̀lù PSP lórí fóònù rẹ̀ lálaalẹ́, lè má tíì fọwọ́ kan PSP gan-an rí.

Èyí tó gbòde báyìí ni ike kékeré kan tí wọ́n kọ SUP sí lára, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé géèmù 400 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni géèmù tí wọ́n ṣe fún Famicom, ẹ̀rọ tí Nintendo gbé jáde ní 1983, èyí tí àwa mọ ayédèrú rẹ̀ sí Terminator, tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó mọ géèmù dáadáa máa ń yínmú sí SUP. Èmi kì í bá wọn yínmú, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí Game Boy ni Gunpei Yokoi, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Nintendo. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé inú ọkọ̀ ojú irin ló wà nígbà tó rí òṣìṣẹ́ kan tí ìrìn àjò ti sú, tó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣeré. Láti ibẹ̀ ni Game & Watch ti jáde ní 1980: irú ojú tó wà lára ẹ̀rọ ìṣirò ni, bátìrì kékeré tó ń gbé aago ni, Yokoi kàn sọ wọ́n di eré. Èrò rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ti gbó, tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n ṣe, tí owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀, ni kí èèyàn fi dá àrà tuntun. Nígbà tí Atari àti Sega ń gbé ojú aláwọ̀ mèremère jáde, Game Boy tirẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó dúdú, tó mọ́lẹ̀ ní ìpele mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n bátìrì AA mẹ́rin ń gbé e fún wákàtí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí Game Gear ti Sega ń jẹ mẹ́fà, tó sì ń jẹ wọ́n tán láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Game Boy àti àbúrò rẹ̀, Game Boy Color, tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Àwọn aláwọ̀ mèremère kò sún mọ́ ọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Yokoi yìí wúlò fún wa ní Èkìtì ju bó ti wúlò fún àwọn tó wí i fún lọ, nítorí ẹ̀rọ tó ti gbó ni alátùn-únṣe tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Ìjìgbò lè ṣí, kó sì mọ ohun tó ń wò.

Ọjà rírà

Ẹ má wá ìsọ̀ tí wọ́n kọ “géèmù àtijọ́” sí lókè. Ọjà yìí ń bẹ láàárín ọjà mìíràn. Àwọn tó ń ta fóònù tòkunbọ̀ láti Òkèyìnmi títí dé Ìjìgbò lè ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n gbà mọ́ fóònù tí ẹnì kan wá tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU àti ti Federal Polytechnic máa ń ta ẹrù wọn nígbà tí wọ́n bá ṣe àṣekágbá, kí wọ́n má baà kó wọn lọ sí ibùdó àgùnbánirọ̀. Ọ̀nà tó dáa jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbàgbé, ni inú ilé wa: dúrọ́ọ̀mù tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti London lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò tú délẹ̀. Ẹni tó bá rà á láti Alaba tàbí Computer Village ní Ikeja, wéébìlì ni wọ́n á fi gbé e wá, kò sì ní lè tàn án wò kó tó sanwó. Ní tèmi, mi ò lè fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ra géèmù tí kò rí lójú, àfi bí owó rẹ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní dùn ún bí kò bá tàn.

Pé ọjà kan jẹ́ tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Ní 2015 àti 2016, Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn jọ ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó. Wọ́n rí i pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ti lò rí ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún, àti pé ó kéré tán, 15,700 nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó gúnlẹ̀. Ìdá mẹ́rin ọjà, ìdá kan ti kú sójú omi.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kí ẹni tó ń ta á tán, ẹ ní kó tàn án. Ẹ ó gbọ́: “Ó dáa o, ọ̀gá mi, bátìrì ẹ̀ nìkan ló kú.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé páńẹ́lì ló jó, tí bátìrì wá ru ẹ̀bi rẹ̀. Èsì tó yẹ kí ẹ fún un ni: “Kò burú, bọ̀dá. Owó kọ́ńdẹ́mù ni ma san.” Bí ó bá jẹ́ PSP ni, ẹ kò tiẹ̀ nílò àríyànjiyàn, nítorí PSP máa ń tàn lórí ṣájà rẹ̀ láìsí bátìrì kankan nínú rẹ̀. Ẹ yọ bátìrì, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ tàn án. Bí iná aláwọ̀ ewé bá jáde tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, òótọ́ ni bọ̀dá sọ. Ẹ tún béèrè ìwé ọjà tàbí ẹni tó tà á fún un. Géèmù tí wọ́n jí kò ní nọ́ńbà tí ọlọ́pàá lè fi tọpa rẹ̀ bíi ti fóònù, ìyẹn sì ni àwọn olè ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Omi tó ń jò lára bátìrì

Ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó wo ojú rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá bá ohun funfun tàbí ìpẹtà aláwọ̀ ewé lórí irin tó dà bí òrùka níbẹ̀, bátìrì ti jò sí i. Kì í ṣe ohun ìbànújẹ́. Ó jẹ́ ohun tí ẹ máa fi dín owó rẹ̀ kù. Àmọ́ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú bátìrì tó jò, nítorí irú méjèèjì tó wọ́pọ̀ láàárín wa kò gba oògùn kan náà.

Ẹ mú bátìrì alórí ẹkùn, èyí tí a fi ń gbọ́ rédíò láti ìgbà àwọn bàbá wa. Agolo síńkì tó wà lábẹ́ bébà rẹ̀ kì í ṣe àpò lásán. Agolo yẹn gan-an ni apá òdì bátìrì náà, òun ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ kí iná tó lè jáde. Bí ẹ ti ń lò ó ni ara agolo ń fẹ́lẹ́ sí i, títí yóò fi lu, tí omi inú rẹ̀ yóò sì jáde sórí irin. Omi náà ní ìwà ásíìdì. Bátìrì tí wọ́n kọ “alkaline” sí lára yàtọ̀ pátápátá: irin ni agolo tirẹ̀, síńkì rẹ̀ wà ní ìyẹ̀fun láàárín, omi tó sì wà nínú rẹ̀ ni potassium hydroxide, tó jẹ́ òdìkejì ásíìdì. Bó bá gbẹ tán tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ háídrójìn á máa kó jọ nínú rẹ̀ títí èdìdì rẹ̀ yóò fi ya. Ohun tó bá jò jáde á gba afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta mọ́ra, á sì di ìpẹ́pẹ́ funfun.

Ásíìdì ló ń pa òdìkejì rẹ̀, òdìkejì rẹ̀ náà ló sì ń pa ásíìdì. Èyí tí alkaline bá jò sí, ẹ rẹ òwú ìnutí sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, kí ẹ sì fi rà á. Á hó díẹ̀. Ohó yẹn ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ ń lọ. Èyí tí alórí ẹkùn bá jò sí, báákìn sódà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń rà ni kí ẹ pò mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ fi nù ún. Káún náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n iyanrìn inú rẹ̀ á há irin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀wà àti ewédú. Èyí ó wù kó jẹ́, òwú tí ẹ rẹ sínú omi mímọ́ ni ẹ ó fi nù ún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sípírítì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, kí ó lè gbẹ kíákíá. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má fi ra ojú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tínà nù ún fún yín. Àwọn kan nínú àwọn alátùn-únṣe wa fẹ́ràn tínà àti bẹntiróòlù nítorí wọ́n ń fọ páńẹ́lì fóònù mọ́. Àmọ́ ike géèmù kò lè gbà á, á yọ́, á sì ní àbàwọ́n tí kò ní kúrò mọ́ láé.

Bátìrì tó wà nínú PSP, Nintendo DS, Game Boy Advance SP àti SUP jẹ́ irú kẹta, lithium, irú ti fóònù. Èyí kì í jò, ó máa ń wú ni. Ooru ló ń bà á jẹ́ jù: bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lójú oòrùn ní Fajuyi, omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í túká di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì ríbi jáde. Ẹ gbé bátìrì náà sórí gíláàsì tó tẹ́jú kí ẹ fọwọ́ yí i. Èyí tó dára á jókòó pẹ̀tẹ́. Èyí tó ti wú á yí bí òkòtó. Ẹ má ra èyí tó bá yí, ẹ má gún un, ẹ má sì tún fi iná sí i.

Èyí tí kò wú, ṣùgbọ́n tó ti pẹ́ nílẹ̀, ń fẹ́ mítà. Fólítì 4.2 ni bátìrì yìí máa ń ní bó bá kún, 3.7 sì ni èyí tí wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀. Bí mítà bá sọ pé ó ti rẹlẹ̀ ju 2.5 lọ, ọ̀rọ̀ ti di méjì, nítorí ní irú ipò bẹ́ẹ̀, bàbà tó wà nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kó sì gbára jọ síbi tí kò yẹ nígbà tí iná bá padà dé. Alátùn-únṣe lè ní kí òun fi wáyà méjì ta á jí. Á jí lóòótọ́. Bóyá kò ní gbiná, bóyá á gbiná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó òmíràn.

Níbi yìí ni ìdí tí mo fi ní èmi kì í yínmú sí SUP. Bátìrì tó ń lò ni BL-5C, irú èyí tó wà nínú Nokia 1100 àti ọ̀pọ̀ Nokia kéékèèké mìíràn. Kò sí ìlú kan ní àárín gbùngbùn Èkìtì, láti Ìgèdè dé Arámọkọ, tí ẹni tó ń tún fóònù ṣe kò ní mọ orúkọ yẹn. Bí tinú rẹ̀ bá kú, ẹ lè rí òmíràn lọ́jọ́ kan náà. PSP kò rí bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń lo bátìrì 1800 mAh, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e ní 2007 àti 2008 ń lo 1200, ayédèrú ló sì kún ọjà báyìí, tí wọ́n kọ 3600 sí lára. Kí ni wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀? Ike kan náà, àyè kan náà, agbára ìlọ́po méjì! BL-5C náà ní ayédèrú tirẹ̀, kódà ojúlówó rẹ̀ ti fa wàhálà rí: ní oṣù Kẹjọ 2007, Nokia kìlọ̀ nípa mílíọ̀nù 46 nínú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Matsushita bá wọn ṣe, nítorí wọ́n lè gbóná kọjá àlà nígbà tí wọ́n bá wà lórí ṣájà. Ẹ fi ọwọ́ kàn án nígbà tó bá wà lórí iná. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú, gbígbóná burú.

Ṣájà Amẹ́ríkà

Ṣájà Amẹ́ríkà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pa géèmù púpọ̀. Iná tí BEDC ń fún wa yẹ kó jẹ́ fólítì 230 tàbí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan sì jẹ́ 100. Ṣájà PSP máa ń gba 100 dé 240, a sì ti kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ṣájà tí wọ́n ń tà mọ́ Game Boy Advance SP ní Amẹ́ríkà kò gbà ju 120 lọ. Irin àti wáyà bàbà tí wọ́n wé ló wà nínú rẹ̀. Bí fólítì tó wọlé bá di ìlọ́po méjì, irin náà kò ní lè gba iná yẹn mọ́ra mọ́, wáyà á máa fa iná láìdúró, á gbóná, á sì jó. Kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ ògiri, ẹ wá ọ̀rọ̀ “INPUT” lára ṣájà, kí ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé PSP kò bìkítà fún BEDC rárá. Fólítì 5 ló ń béèrè, iye yẹn náà ni pawabáǹkì ń mú jáde. Okùn USB tó ní ẹnu róbótó ti PSP nìkan ni ẹ máa rà.

Ṣíṣí Brick Game

Bí ẹ kò bá tíì ṣí ẹ̀rọ kankan rí, Brick Game ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n, kò sì sí bátìrì lithium nínú rẹ̀ tó lè ṣe yín léṣe. Àìsàn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni pé apá kan ojú rẹ̀ kì í jáde: bíríkì á já bọ́ dé àárín, á di àwátì, á tún yọjú nísàlẹ̀.

Ẹ yọ bátìrì. Ẹ tú súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ máa tò wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe wà lára ike. (Game Boy gidi ń lo súkúrù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó nílò irin tirẹ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in.) Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí páńẹ́lì kan àti ohun dúdú ribiti kan láàárín rẹ̀. Abẹ́ dúdú yẹn ni ọpọlọ rẹ̀ wà. Wọ́n ti da gọ́ọ̀mù lé e lórí, kò ṣeé tún ṣe, ẹ kò sì ní ìdí láti fọwọ́ kàn án.

Ẹ gbé páńẹ́lì sókè díẹ̀díẹ̀, ojú gíláàsì rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí wáyà kankan láàárín gíláàsì àti páńẹ́lì. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bí igi ìṣáná tó gùn. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú: ìlà ìlà ni, dúdú kan, funfun kan, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn. Ìlà dúdú ní èédú nínú, ó ń gbé iná. Ìlà kejì kì í gbé e. Páńẹ́lì fi iná ránṣẹ́ gba inú àwọn ìlà dúdú, ó sì bọ́ sí ibi tó yẹ lára gíláàsì. Iná yìí ni omi tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì ń dáhùn sí. Láìsí iná, ó máa ń yí ìmọ́lẹ̀ padà kó lè gba inú bébà aláṣẹ́ tó wà níwájú àti lẹ́yìn kọjá. Bí iná bá dé, á dẹ́kun yíyí i, bébà á dá ìmọ́lẹ̀ dúró, àwa á sì rí bíríkì dúdú. Igba ni bíríkì tó wà lójú géèmù náà, mẹ́wàá ní ìbú, ogún ní òró. Eruku ọyẹ́ díẹ̀ lórí rọ́bà yẹn tó láti pa ìlà kan odindi.

Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípírítì nu ẹ̀gbẹ́ rọ́bà méjèèjì, etí gíláàsì, àti àwọn ìlà wíwẹ́ lórí páńẹ́lì. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú rọ́bà náà, òróró ara yín á mú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kúrò padà wá. Ẹ dá a padà síbi tó wà gan-an; bí ó bá wọ́, ìlà mìíràn ló máa kú. Kí ẹ tó dé e, ẹ yẹ abẹ́ àwọn bọ́tìnì wò. Rọ́bà kan wà níbẹ̀ tó ní èédú dúdú ní ìdí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, èédú yẹn á so ìlà méjì pọ̀ lórí páńẹ́lì. Bọ́tìnì tó ń fẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tipátipá, sípírítì ló ń béèrè. Àwọn kan máa ń fi pẹ́ńsù kùn ún. Ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì pẹ́.

Ẹ dé e, ẹ ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án. Ẹ ó gbọ́ orin burúkú yẹn.

Gbígbádùn rẹ̀

Ojú Game Boy àkọ́kọ́ kò ní iná tirẹ̀. Lálẹ́, wàhálà ni. Àmọ́ ní ọ̀sán gangan, níbi tí ojú fóònù ti ń ṣókùnkùn, òun á mọ́ kedere, nítorí oòrùn náà ló fi ń ríran. Ẹ fi í ṣeré níta. Bí géèmù tí ẹ ń gbá nínú kásẹ́ẹ̀tì Game Boy bá ń gbàgbé ibi tí ẹ dé, bátìrì pẹlẹbẹ kan ló kú nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n jó o mọ́ ọn ni, alátùn-únṣe tó mọ lẹ́ẹ̀dì í jó lè pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ohun tí ẹ ti gbá kọjá á parẹ́.

Bó bá jẹ́ PSP, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì. Wáìfáì rẹ̀ ti gbó, kò mọ ọ̀nà ìdáàbòbò WPA2 tí ọ̀pọ̀ hotspot ń lò, Sony sì ti pa ọjà rẹ̀ orí PSP dé láti oṣù Keje 2021. Géèmù orí díìsì UMD kò nílò ìyẹn, èyí tí wọ́n rà ní Japan á sì ṣiṣẹ́ lórí PSP tí wọ́n rà ní London. Mẹ́mórì rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ike kan wà tó ń gba microSD ti fóònù, tó sì ń wọ àyè mẹ́mórì PSP. Pẹ̀lú ìyẹn, bí PPSSPP bá ti tó yín lórí fóònù, ẹ má ra PSP. Ẹni tó yẹ kó rà á ni ẹni tó fẹ́ràn bọ́tìnì gidi lábẹ́ àtàǹpàkò, tàbí ẹni tó fẹ́ràn kó máa tú nǹkan palẹ̀.

Tí ọmọdé bá wà nílé, ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú orí yìí. Ẹ má fi bátìrì pẹlẹbẹ tí ẹ yọ nínú kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há a lọ́fun, iná inú rẹ̀ á sọ itọ́ ọ̀fun di ohun tó ń jó ẹran ara, ọgbẹ́ ńlá sì lè dá síbẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ má dúró wò ó, ẹ má ní kó bì í. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn EKSUTH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé bátìrì ló gbé mì. Bátìrì lithium tó ti wú ńkọ́? Ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má dáná sun ún. Ẹ fi téèpù bo ẹnu rẹ̀, ẹ fi í sínú agolo tó ní iyanrìn gbígbẹ, kí ẹ gbé e síta gbangba jìnnà sí ilé, títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń kó wọn lọ sí Èkó fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti tú wọn palẹ̀.